Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń ṣàìsàn tó le gan-an, kí la lè ṣe tí kò ní di wàhálà sí wọn lọ́rùn?

Àbẹ̀kẹ́_tọ́jú

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ dákun mo ní ìbéèrè kan, ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan, a ti jọ wà látìgbà tí àwa méjèèjì ò tíì lọ́kọ, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 ni wọ́n ṣàyẹ̀wò fún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, leukaemia, èyí tí wọ́n ń pè ní ALL. Bí eré bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń rẹ ọmọ náà ṣáá, ibà ń lọ ibà ń bọ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ni, ìgbà tí ara ẹ̀ wá ń yọ àpá dúdú dúdú bí ẹni pé ó ṣubú, tí kò sì ṣubú, ni ìyá ẹ̀ gbé e dìde lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì padà sílé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo pè é títí kò gbé e. Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "tí nǹkankan bá wà tí mo lè ṣe, sọ fún mi o", ó ní "o ṣé", ó tán. Gbogbo wa nínú gúrúùpù WhatsApp wa la kọ irú ẹ̀, mo tiẹ̀ kà á, àwa 19 la sọ ohun kan náà, ó dá gbogbo wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé "ẹ ṣé gan-an ni". Sátidé tó kọjá mo gbéra mo lọ bá a lọ́hùn-ún, mo jókòó fún wákàtí kan àbọ̀, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi, kò sí lẹ́nu tiẹ̀ náà, ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni mo bú sẹ́kún, òun ló wá ń pa mí lẹ́kún mọ́ra, òun ló ń sọ pé "ó máa dáa, má sunkún mọ́". Ojú tì mí délé.

Ọmọ méjì ṣì wà nílé o, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọkọ ẹ̀ ò lè ṣàì lọ síbi iṣẹ́, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa mówó wọlé.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, àbí tí ẹ ti dúró ti ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, kí làwọn èèyàn ṣe tó wúlò? Kí ni wọ́n ṣe tó jẹ́ pé ì bá sàn kí wọ́n má ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n gbàdúrà, mò ń gbà á lójoojúmọ́. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni kí ẹ sọ fún mi.

BàbáMẹ́ta

Ẹ kú àìsùn ọ̀rẹ́ yín ma. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ náà gbádùn. Ọmọbìnrin wa ṣe é, ALL yẹn náà ni, ọmọ ọdún 5 ni nígbà yẹn, ó ti pé 13 báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn mọ́ nínú ilé wa. Nítorí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Gbólóhùn "tí nǹkankan bá wà" yẹn, èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn kó tó kàn mí, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí létí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un. Ó ní láti jókòó kó ronú ohun tó nílò, kó wá ro ta ló lè ṣe é nínú yín, kó wá lọ bẹ ẹni náà, kó tún máa wò ó bóyá ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn àbí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí kò tíì sùn fún ọjọ́ mẹ́rin, níbo ló ti fẹ́ ráyè ìyẹn? Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí ní orúkọ ọmọ tí mo gbé wá níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, orúkọ àbúrò ẹ̀ ni mo pè, mo tún jiyàn pé òun náà ni.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù, kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Obìnrin kan ni tó jẹ́ pé ìyàwó mi kàn máa ń kí i lójú ọ̀nà. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pé: "Màá máa wá gbé aṣọ tó dọ̀tí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, aago méje àárọ̀. Ẹ kó o sínú àpò, ẹ gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ má dá mi lóhùn." Ẹ wo "ẹ má dá mi lóhùn" yẹn dáadáa ma. Ó lé ní oṣù mẹ́jọ tó fi ṣe é, mi ò rò pé ó wọ inú ilé wa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Aṣọ á padà dé, á ti ká, ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ á ti wà ní méjì méjì. Títí dòní tí mo bá rí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ mọ́ra, obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹ má sì gbàgbé ọkọ. Wọ́n á pàdé mi lójú ọ̀nà, wọ́n á ní "ìyàwó ńkọ́, ẹ bá wa kí i o, obìnrin yẹn ń gbìyànjú". Òótọ́ ni, ó ń gbìyànjú. Èmi náà sì ń sunkún nínú mọ́tò ní gbogbo àárọ̀, màá pa mọ́tò sẹ́yìn ibi iṣẹ́, màá nu ojú kí n tó wọlé. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ ọ̀sán mi ṣe ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ní kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ti kọ àwọn ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà tiẹ̀.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Oṣù àkọ́kọ́, èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní ríbi jókòó. Tó bá lọ bó ṣe yẹ, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5 wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, wọ́n á ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́. Gbogbo èèyàn á yọ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á tú ká. Wọn ò mọ̀ pé ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Tiwa lé ní ọdún 2, àwọn kan máa ń sún mọ́ 3, torí tí wọ́n bá dá oògùn dúró níbẹ̀ yẹn ó máa padà wá ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, fóònù wa ò dún mọ́. Ma, tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè lọ, ẹ má lọ báyìí, ẹ lọ ní oṣù kẹsàn-án.

Àti bàtà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá wa sílẹ̀, bàtà tí ọmọ wọ wá kò wọ̀ ọ́ mọ́, bóyá ó wú ni bóyá ó dàgbà ni mi ò mọ̀, mo ní láti gbé e pọ̀n lọ sídìí mọ́tò láìwọ bàtà. Ìyàwó mi tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, bàtà yẹn ló sunkún sí.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o gbogbo ilé. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà, alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù, ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé tí àlejò bá lọ tán lójú alẹ́ lèèyàn tó ń mọ bí nǹkan ṣe rí lára àwọn òbí. BàbáMẹ́ta ti sọ púpọ̀, mo kàn fẹ́ fi tèmi lé e.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa béèrè kí ẹ tó wá. Kímò ń pa jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ọ̀fìnkìn tí ẹ ní "kò le, ọ̀fìnkìn lásán ni" lè di nǹkan ńlá sí ọmọ náà lára. Mo ti rí àǹtí kan tó wúkọ́ sọ́wọ́, tó tún fi ọwọ́ yẹn náà fa ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá ọmọ ń wo èmi, èmi ń wo ìyá ọmọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kò lè lé e. Èmi ni mo wá gbé ojú burúkú wọ̀. Tí ara yín ò bá yá, ẹ jókòó sílé yín, ìrànlọ́wọ́ nìyẹn náà. Tí chickenpox bá sì wọ kíláàsì ọmọ tó ń gba kímò, kí tíṣà pe àwọn òbí lọ́jọ́ náà gan-an, kó má dúró di ọjọ́ Ajé, torí ohun tí a lè fún ọmọ láti fi dáàbò bò ó ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Ohun tó dáa ju gbogbo ẹ̀bùn tí ẹ lè gbé wá lọ rèé. Ẹ wá èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ní mọ́tò, kí wọ́n pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọmọ tó wà lórí kímò tí ìgbóná ara ẹ̀ bá dé 38 lórí tẹmómítà, a kì í fún un ní paracetamol ká wá ní ká máa wò ó di àárọ̀ o! Paracetamol á mú ibà wálẹ̀, àrùn á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ nísàlẹ̀, a ò sì ní tètè mọ̀. Pàjáwìrì ni. Ẹ pe ọsibítù, ẹ sì gbéra, torí a máa ń fẹ́ kí antibiotic ti wọ iṣan ọmọ láàárín wákàtí 1 tó bá ti dé. Ibà yìí sì fẹ́ràn aago méjì òru. Ìyá gbé ọmọ dání, bàbá ń wá kọ́kọ́rọ́, àwọn ọmọ yòókù ń sùn, ta ló máa dúró tì wọ́n? Nítorí náà ẹni tó máa wa mọ́tò, ẹnì kan tó máa wá sùn nílé, kí nọ́ńbà wọn wà lára fìríìjì, kí wọ́n má pa fóònù lálẹ́ tó bá kàn wọ́n.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ kó ara wọn jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó dáa, a dúpẹ́. Àmọ́ àwọn ọmọ yìí máa ń nílò platelet gan-an, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, òun kì í pẹ́ ní ìpamọ́, ọjọ́ 5 sí 7 péré, lẹ́yìn ìyẹn dídà ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa lè tó ọjọ́ 42. Tí èèyàn 30 bá wá lọ́jọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni ò wá mọ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹ rí i pé kò bá a mu. Ẹ pín ara yín, kí díẹ̀ máa wá lóṣù yìí, díẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kí àwọn ẹbí tó bá ọmọ tan gan-an sì kọ́kọ́ bi dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ tiwọn sílẹ̀ fún un, torí tó bá wá jẹ́ pé ó máa gba mùdùnmúdùn egungun lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbà lára wọn lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan sí i, mo mọ̀ pé mo ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń fún ọmọ ní steroid, ọmọ tó níwà pẹ̀lẹ́ á yí padà, ebi á máa pa á láago mẹ́ta òru, á máa bínú sí ògiri. Ẹ má wò ó kí ẹ wá sọ fún ìyá ẹ̀ pé "ẹ̀ ń kẹ́ ọmọ yìí jù". Oògùn ni, tó bá ti parí, á padà bọ̀ sípò.

ewé_ńjẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo kímò yìí ló ń pa wọ́n. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, àgbo wà fún un, mo mọ ẹni tó gbádùn. Ẹ kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Mi ò bá yín jà, mi ò sì ní ewé ò dáa, inú ewé náà ni wọ́n ti rí vincristine, òun náà wà nínú oògùn tí ọmọ yẹn ń gbà, àmọ́ wọ́n mọ ìwọ̀n ẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀ ṣe tó ni. Àgbo tí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tí ẹ wá gbé lé ẹ̀dọ̀ ọmọ tí kímò ti ń dà láàmú lọ́wọ́, ẹ lè pa á. Tí òbí bá fẹ́ lo nǹkankan, kó gbé e wá kó fi han dókítà, kó má gbé e pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rí.

Kí àwọn tó ń kà á sì gbọ́: ṣáájú 1948 tí Dókítà Sidney Farber fi hàn pé oògùn lè mú leukaemia ọmọdé rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkankan rárá, ikú ni. Lónìí àjọ WHO ní àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ bí 400,000 ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún, níbi tí ìtọ́jú pé pérépéré, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń gbádùn, níbi tí kò pé, kò tó 30 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn ni pé àwọn òbí ń dá ìtọ́jú dúró lágbedeméjì. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ wọn o. Owó ọkọ̀ tán, iṣẹ́ bọ́, ó rẹ̀ wọ́n, ẹnì kan wá sọ pé kímò ló ń pa á. Nítorí náà ẹni tó ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ má fojú kéré ẹ̀, ìtọ́jú lòun náà ń ṣe.

BàbáMẹ́ta

Nọ́ọ̀sì wa, ẹ ṣeun ma. Àgbo ti wọlé wa náà, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé e wá, ìyàwó mi kàn ń kí wọn, ó ń kó o sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

ẹ̀gbọ́n_kejì

Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́ mi ò kí ń kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, àmọ́ ọmọ ọdún 9 tí àǹtí dárúkọ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọjá.

Èmi ni ọmọ ọdún 9 nílé tiwa nígbà yẹn. Àbúrò mi ló ń ṣàìsàn, ó sì gbádùn, a dúpẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, "àbúrò ẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun, máa gbọ́ràn sí mọ̀mí lẹ́nu o, má dà wọ́n láàmú". Mo gbọ́ràn o. Mo gbọ́ràn débi pé nígbà tí eyín ń dùn mí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tún mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ dádì mi, torí náà tí tíṣà bá ní kí òbí fọwọ́ sí ìwé, èmi ni mò ń fọwọ́ sí i, wọn ò mọ̀ dòní, bóyá wọ́n á kà á níbí.

Ohun tí mi ò sọ jáde rárá ni pé mo rò pé èmi ni mo fà á. Mo ti àbúrò mi ṣubú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbé e lọ, ara ẹ̀ sì ń yọ àpá dúdú yẹn. Nínú orí tèmi, èmi ni mo ṣe é léṣe. Ó tó ọdún kan kí ẹnì kan tó sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè, dókítà kan tó ń sọ̀rọ̀ fún mọ̀mí mi ló kàn bojú wo èmi, ó ní "kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín ṣe tó fa àìsàn yìí, kì í sì í ràn". Mo lọ sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì mo lọ sunkún. Nítorí náà ẹ̀yin àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró kí ọmọbìnrin yẹn bi yín, kò ní bi yín. Ẹ kàn sọ ọ́ fún un.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò bóyá mùdùnmúdùn ẹ̀ bá ti àbúrò ẹ̀ mu, kí ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Wọ́n ṣe é fún èmi náà, kò bá a mu, mo wá rò pé mo tún ti já wọn kulẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ọmọ ìyá ọmọ bàbá gan-an, 1 nínú 4 ló máa ń bá ara wọn mu.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé mi lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́bọ̀ nìkan ni tiẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló ni ọjọ́ yòókù. Kò béèrè àbúrò mi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀lù ló máa ń bi mí, ta ló gbá a sí àwọ̀n, ṣé lóòótọ́ ni pé kì í ṣe ofsáìdì. A máa jiyàn títí dé ẹnu géètì. Ó lè jọ nǹkan kékeré. Ìṣẹ́jú 15 yẹn nìkan ni wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Akápò_àná

Ẹ kú ìjíròrò. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí èmi tí ó ti jó lọ́wọ́ sọ ọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n gba owó nígbà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Àkáǹtì ara mi ni mo lò, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Mi ò jí kọ́bọ̀ o, àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹta ẹnì kan nínú gúrúùpù béèrè pé kí ló dé tí mọ́tò mi fi ní táyà tuntun. Mo kó gbogbo rísíìtì síta, ó ti bà jẹ́, wọ́n ń jà lórí táyà, ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ọmọ wà nínú gúrúùpù yẹn, ó ń kà á! Ẹnikẹ́ni ò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ó fi gúrúùpù náà sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Nítorí náà: àkáǹtì ọ̀tọ̀, kí ó máa gba ẹni méjì kí owó tó jáde, kí ẹ máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde síta lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Gúrúùpù tí ẹbí ò sí nínú ẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣètò, kí ẹnì kan ṣoṣo máa bá ẹbí sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo gbà, àmọ́ tí ọwọ́ 19 bá wọ fóònù obìnrin kan lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà kò ní rí àyà tiẹ̀ sọ mọ́.

Ẹ má sì rò pé owó ilé ìwòsàn nìkan ni. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ, owó oṣù tí kò wọlé torí pé ọ̀kan nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń fọ́ ilé.

Fọ́tò ńkọ́. A gbé fọ́tò ọmọ náà síta, orí ẹ̀ ti pá, wáyà wà nímú ẹ̀, torí pé wọ́n ní fọ́tò ló ń mú kí èèyàn dá owó. Ó mú owó wá lóòótọ́. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé gíga báyìí, fọ́tò yẹn ṣì ń jáde tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti bá mi sọ ọ́, kò bínú, ó kàn bi mí pé "ta ló ní kí ẹ gbé e síbẹ̀?" Mi ò rí nǹkan fọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí, ẹ sì ronú nípa ọmọ ọdún 15 tí ọmọ ọdún 6 yẹn máa dà.

BàbáMẹ́ta ní kí ẹ má ju iṣẹ́ sí wọn lọ́rùn, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí ẹ má lọ gbé ohun tí wọn ò nílò wá náà o. Ẹ wo bí Ronald McDonald House, ilé tí àwọn òbí ọmọ tó wà ní ọsibítù máa ń dé sí, ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Fred Hill tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Philadelphia Eagles ló ní leukaemia, àwọn Eagles wá ń kó owó jọ fún ọsibítù, wọ́n bi Dókítà Audrey Evans pé kí ló tún kù. Ilé ló ní òun fẹ́. Ilé tí àwọn òbí lè máa sùn sí nítòsí, torí orí àga ni wọ́n ń sùn. Ilé oúnjẹ McDonald's bá wọn dá sí i, wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní 1974. Ẹni tó rí àwọn òbí lórí àga lójoojúmọ́ ni wọ́n bi. Nítorí náà ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì.

Àbẹ̀kẹ́_tọ́jú

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n_kejì o jẹ́ kí n sunkún níbi iṣẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kí ni kí n sọ? Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu ló dà bí ọ̀rọ̀ káàdì.

BàbáMẹ́ta

Ma, ẹ má sọ pé "Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára ẹni lọ". Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹlòmíì tí tiẹ̀ kú. Ẹ lè sọ pé "mi ò mọ ohun tí mo lè sọ", ó tó. Èmi, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nǹkan míì, ẹni tó ń sọ fún mi pé ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ tún ti ṣe kiní yẹn o. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí pé mo rẹ́rìn-ín, ó ní "ẹ̀rín ò lè pa ọmọ ẹ, rẹ́rìn-ín jàre". Ẹkún náà wà, ẹ lọ sun ún fún ẹlòmíì, má sun ún fún un.

nọ́ọ̀sì_alẹ́

Ẹ lè sọ pé "mo fẹ́ jókòó ti ọmọ fún wákàtí 1, lọ wẹ̀". Àwọn ìyá yìí kì í wẹ̀ o. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ jí kó má bá wọn níbẹ̀. Tó bá ní rárá, ẹ má bínú, ẹ tún béèrè lọ́jọ́ míì.

Àbẹ̀kẹ́_tọ́jú

Ẹ káalẹ́ o, ó ti di ọjọ́ mẹ́fà, mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Mo ṣí gúrúùpù tuntun, òun ò sí níbẹ̀. Nínú àwa 19, àwa 11 la wọlé, àwọn yòókù ní àwọn ń gbàdúrà, mi ò bá wọn jà. Ẹni mọ́tò mẹ́ta wà, èmi ni mo ní òru Sátidé àti ti Àìkú. Ìyá ọ̀kan nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì ló máa ń wá sùn nílé tí wọ́n bá pè é, ó ti gbé aṣọ ìsùn ẹ̀ sínú àpò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ní àkáǹtì, ẹlòmíì ló ń fọwọ́ sí i. Mo fi gbogbo orúkọ sórí kàlẹ́ńdà títí dé oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan béèrè pé "ṣé ó máa tó bẹ́ẹ̀ ni?", mo ní kó wá ka ohun tí BàbáMẹ́ta kọ.

Ọmọbìnrin ọdún 9 yẹn, èmi ni mo ń gbé e lọ sílé ìwé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo sọ fún un nínú mọ́tò pé kò sí ohun tí òun ṣe, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe tó fà á. Kò dá mi lóhùn. Ó ń wo ìta. Nígbà tí a dé géètì ó wá ní, "kódà tí mo bá mu omi nínú kọ́ọ̀pù ẹ̀?" Mo ní kódà bẹ́ẹ̀. Ó já bọ́ọ́lẹ̀ kò wẹ̀yìn.

Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ bí obìnrin alágbàfọ̀ yẹn ṣe kọ ọ́, mo ní màá máa gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́jọ́rú, má dá mi lóhùn. Kò dá mi lóhùn lóòótọ́. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 10 lóru àná ni fóònù mi dún, mo ti fò dìde mò ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó kọ ọ́ pé: "Kò sí ibà. Ṣé o lè bá mi wá wáyà ṣájà tó gùn? Ibi iná jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì, tí mo bá ń ṣájì fóònù mi ò lè di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Mo ti rà á, mítà mẹ́ta ni. Mo ra méjì torí pé ọ̀kan lè bà jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ BàbáMẹ́ta, ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, ṣé kí n ra èyí tó tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni àbí kí n dúró kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀?

BàbáMẹ́ta

Ẹ ra èyí tó rọ̀, tí wọ́n ń fi velcro dè, ẹ fi nọ́ńbà kan lé ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rísíìtì.